Ohùn Tí Mo Gbọ́ Lẹ́yìn Àwọ̀n

Aṣọ́lé bọ́ọ̀lù ni mí nígbà èwe mi ní Kétu, ní orílẹ̀-èdè Benin. Ẹni tó ń gbá bọ́ọ̀lù láàárín pápá ń sáré kiri ni, ariwo kan náà ni gbogbo ariwo lójú tirẹ̀. Aṣọ́lé dúró sójú kan. Lórí pápá tiwa nígbà náà, kò sí ọgbà, kò sí àga. Àwọn òǹwòran dúró yí pápá ká, àwọn kan sì wà lẹ́yìn àwọ̀n gan-an, tó jẹ́ pé bí wọ́n bá nawọ́, wọ́n á kàn mí léjìká. Kò sí ohun tí wọ́n sọ tí n kò gbọ́. Mo mọ ohùn ẹni tó ti mu sódàbì yó, mo mọ ohùn ọmọ tó sá kúrò nílé ìwé, mo sì mọ ohùn ẹni tí mo jẹ ní gbèsè.

Ìyá kan wà tó máa ń dín àkàrà nítòsí òpó ọwọ́ ọ̀tún. Lọ́jọ́ kan, bọ́ọ̀lù kan tí kò lágbára rárá yọ̀ mọ́ mi lọ́wọ́, ó rọra yí wọlé. Kí n tó dìde nílẹ̀, ìyá yìí ti fi igbe ta: "Aṣọ́lé, ọbẹ̀ ilá lo jẹ wá tí o ò fọwọ́? Wá gba eérú o, eérú la fi ń mú ẹja àrọ̀!" Gbogbo ẹ̀yìn àwọ̀n bú sẹ́rìn-ín. Mo fẹ́ bínú, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ti gbà mí lẹ́nu. Nígbà tí a lọ sinmi ní ìdajì eré, ìyá náà bu eérú lábẹ́ agbada rẹ̀, ó pọ́n ọn sínú ewé, ó pè mí. Ó ní, "Gbà, ọmọ mi, fi ra ọwọ́. Ẹ̀fẹ̀ ni mo ṣe o, ṣùgbọ́n eérú ò mọ̀ pé ẹ̀fẹ̀ ni." Mo fi ra ọwọ́ lóòótọ́. Bọ́ọ̀lù kankan ò tún yọ̀ mọ́ mi lọ́wọ́ lọ́jọ́ yẹn. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ti gbá bọ́ọ̀lù tán, mo gbọ́dọ̀ yà lọ́dọ̀ rẹ̀ jẹ àkàrà.

Ẹni tó bá jẹ́ ọmọ Kétu mọ̀ pé orí pápá kọ́ ni ìyá yẹn ti kọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìdí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ló ti kọ́ ọ. Ní 2001, UNESCO ka Gẹ̀lẹ̀dẹ́ mọ́ àwọn ogún tó yẹ kí gbogbo ayé dáàbò bò, ọ̀pọ̀ àlejò sì rò pé nítorí ère orí àti ijó ni. Fún àwa tí a bí síbẹ̀, òru ẹ̀fẹ̀ ni ọkàn rẹ̀. Bí Ọ̀rọ̀ Ẹ̀fẹ̀, agọ̀ tó ń kọrin, bá jáde sójú ọjà lóru, kò sí ẹni tí kò lè fi kọrin: ẹni tó jẹ owó ẹgbẹ́, ọkọ tí kì í gbé owó oúnjẹ sílẹ̀, ìjòyè tó ta ilẹ̀ tí kì í ṣe tirẹ̀. Ẹni tí wọ́n ń fi kọrin wà níbẹ̀, ó ń gbọ́, àwọn aládùúgbò rẹ̀ ń wo ojú rẹ̀, kò sì gbọdọ̀ jà.

Àbúrò bàbá mi wà lára àwọn tó máa ń gbe orin náà. Nígbà tí mo ṣì kéré, mo bi í pé ṣé èèyàn lè fi ohunkóhun kọrin. Ó ní rárá. Ó ní Ọ̀rọ̀ Ẹ̀fẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ júbà ná, kó júbà àwọn ìyá, kó júbà àgbà, nítorí ẹni tí kò bá júbà kò láṣẹ láti fi ẹnikẹ́ni ṣe yẹ̀yẹ́. Ó wá ní, "Ohun tí èèyàn fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe la fi ń kọrin. Ẹsẹ̀ arọ ńkọ́? Ṣé òun ló fi ṣe ara rẹ̀ ni? Ọmọ tó kú mọ́ abiyamọ lọ́wọ́ ńkọ́? A kì í fi kọrin." N kò ka ọ̀rọ̀ náà sí nǹkan kan nígbà yẹn. Ọjọ́ orí mi ò tíì ju mẹ́wàá lọ.

Ní 1996, ẹgbẹ́ wa pàdé ẹgbẹ́ kan tó wá láti ìhà Àgbómẹ̀, olú ìlú Dàhòmì àtijọ́. Wọ́n kó òǹwòran wá, mọ́tò kan gbáko, gbogbo wọn sì rọ́ wá sẹ́yìn àwọ̀n mi ní ìdajì kejì. Yẹ̀yẹ́ ni wọ́n kọ́kọ́ ń ṣe. Wọ́n ní mo rí gbọọrọ bí igi ìbẹ́pẹ, wọ́n ní kí n bẹ̀rẹ̀ kí orí mi má baà lu òpó òkè. Ìyẹn ò dùn mí. Gígùn tí mo gùn náà ni mo fi ń mú bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń gbá sókè. Nígbà tó yá, wọ́n gbé orin kan ní èdè Fọ̀n. Mo gbọ́ Fọ̀n díẹ̀, nítorí ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi. Orin náà ní bàbá ńlá àwọn ti fọ́ ìlú wa rí, wọ́n ti so wá lókùn lọ, ẹrú àwọn ni wá, ẹrú ò sì gbọdọ̀ na olówó rẹ̀.

Ẹni tí kì í ṣe ará ibẹ̀ lè rò pé orin lásán ni. Ní Kétu, 1886 kì í ṣe ọdún inú ìwé. Ọdún tí ọmọ ogun Dàhòmì dó ti ìlú ni, tí ebi pa àwọn tó wà nínú odi títí agbára fi tán, tí wọ́n wọlé, tí wọ́n dáná sun ìlú, tí wọ́n sì kó èèyàn lẹ́rú lọ. Ìlú dahoro títí Faransé fi ṣẹ́gun Dàhòmì kí àwọn tó ṣẹ́ kù tó padà wá tún un tò. Àkàbà Ìdẹ̀nà, ẹnubodè àtijọ́ wa, ṣì wà níbẹ̀ títí di òní. Ìyá bàbá mi máa ń dárúkọ ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ kan tí wọ́n mú lọ, tí ẹnikẹ́ni ò gbúròó rẹ̀ mọ́. Kì í dárúkọ náà kí omi má bọ́ lójú rẹ̀.

Mo kúrò nídìí àwọ̀n. Bọ́ọ̀lù ṣì ń lọ láàárín pápá, n kò wò ó. Mo bu iyanrìn dà sí wọn lójú, mo sì fi ẹ̀ṣẹ́ gbá ẹni tó sún mọ́ mi jù nímú. Onífèrè fún mi ní káàdì pupa, a pàdánù, wọn ò sì jẹ́ kí n gbá bọ́ọ̀lù mọ́ títí ọdún fi parí.

Mo gbọ́dọ̀ sọ èyí pẹ̀lú: nígbà yẹn, fọ́tò Eric Cantona, agbábọ́ọ̀lù ọmọ Faransé, wà lára ògiri yàrá mi, èyí tí mo gé nínú ìwé ìròyìn Faransé kan. Ní ọjọ́ 25 oṣù kìíní 1995, wọ́n lé e jáde nínú eré ní Selhurst Park ní Lọ́ńdọ̀nù, òǹwòran kan sì bú u bó ṣe ń lọ. Ó fò, ó fi ẹsẹ̀ gbá ọkùnrin náà láyà. Wọ́n ní kò gbọdọ̀ gbá bọ́ọ̀lù títí di ìparí oṣù kẹsàn-án, kóòtù sì ní kó ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́ fún ìlú fún wákàtí 120. Lójú àwa ọ̀dọ́, akọni ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ṣe tèmi tán tí mo wo ilẹ̀, ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́rìnlá ni mo rí. Ẹ̀jẹ̀ ń jáde nímú rẹ̀, ó ń pe ìyá rẹ̀. Àwọn àgbàlagbà tó kọ́ ọ lórin náà ti sá lọ sídìí mọ́tò. Ọmọ yẹn ò mọ ìtumọ̀ ohun tó ń kọ. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ni wọ́n fi í síwájú. Nígbà tí mo délé, mo ya fọ́tò náà kúrò lára ògiri.

Lẹ́yìn ọdún bíi mélòó kan, mo gba ọ̀nà Pọ́bẹ̀ àti Sakétẹ́ wá sí Àjàṣẹ́, èyí tí àwọn Faransé ń pè ní Porto-Novo, mo kọ́ iṣẹ́ aránṣọ, mo sì ṣí ṣọ́ọ̀bù. Orúnkún mi ò gba bọ́ọ̀lù mọ́, nítorí náà mo di òǹwòran ní pápá Charles de Gaulle. Ohùn mi le, ó sì ń dún jìnnà, nítorí aṣọ́lé gbọ́dọ̀ lè ké pe àwọn ará iwájú. Àwọn tí a jọ ń jókòó fẹ́ràn ohùn náà. Bí mo bá sọ̀rọ̀, wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á pàtẹ́wọ́, wọ́n á ra ẹ̀pà fún mi. Mo ń sọ ọ̀rọ̀ dáadáa níbẹ̀rẹ̀. Àgbábọ́ọ̀lù kan wà tó máa ń ṣubú bí wọn ò tilẹ̀ fọwọ́ kàn án, mo ní kí wọ́n tẹ́ ẹní fún un. Òun fúnra rẹ̀ bojú wẹ̀yìn, ó rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀rín yẹn ló mú mi kọjá ààlà. Bí àwọn èèyàn bá ti rẹ́rìn-ín lónìí, wọ́n á fẹ́ èyí tó gbóná jù bẹ́ẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ní 2022, ẹgbẹ́ kan wá láti òkè ọ̀hún. Wọ́n ní ọ̀dọ́mọkùnrin kan lápá òsì, ọmọ Fúlàní, tẹ́ẹ́rẹ́, tó ń sá bí ẹfọ̀n, kò sì sí ẹnìkan nínú àwọn tiwa tó lè dá a dúró. Ó gbá ọ̀kan wọlé. Mo dìde, mo fi gbogbo ohùn mi ké e pé: "Ìwọ, padà sẹ́yìn màlúù! Ta ló ń da ẹran yín?" Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín gan-an. Àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í ké bíi màlúù. Nígbàkígbà tí bọ́ọ̀lù bá ti dé ẹsẹ̀ rẹ̀, igbe màlúù ló ń dún títí eré fi parí. Mo lọ sílé pẹ̀lú ìdùnnú. Èmi tí wọ́n pè ní ẹrú lẹ́yìn àwọ̀n, mo jẹun tán, mo sùn.

Ọmọ náà ò tètè padà sí òkè. Ẹgbẹ́ kan níbí fẹ́ gbà á, wọ́n ní kó dúró kí wọ́n wo bó ṣe ń gbá a. Ní ọjọ́ kẹrin, ó wọ ṣọ́ọ̀bù mi. N kò dá a mọ̀, aṣọ ilé ló wọ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó kí mi ní Yorùbá tó mọ́ gaara: "Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n." Ó gbé báàgì kan kalẹ̀, ó ní síìpù rẹ̀ ti já. Mo sọ iye rẹ̀ fún un, 300 fránkì, mo ní kó jókòó. Bí mo ṣe la ẹnu sọ̀rọ̀ báyìí, mo rí i tó gbójú sókè. Ó dákẹ́ títí mo fi tú síìpù àtijọ́ kúrò.

Ó wá ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máà bínú. Ohùn yín ni mo gbọ́ lọ́jọ́ Sunday."

Mo bi í pé ohùn wo.

"Ohùn màlúù."

Ọmọ iṣẹ́ mi méjèèjì dúró láìfọwọ́ kan máṣíìnì. N kò rí èsì kan. Ohun tí mo kàn lè sọ ni pé èrò pọ̀ níbẹ̀. Ó ní, "Èrò pọ̀ lóòótọ́. Ẹnìkan ló bẹ̀rẹ̀." Kò gbóhùn sókè rárá. Ó ní ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́ ni ìyá òun, òun ló kọ́ òun ní Yorùbá. Ó ní bàbá òun ń da màlúù lóòótọ́, kò sì sí ìtìjú níbẹ̀, akọ kan ni bàbá náà tà kó tó lè ra bàtà bọ́ọ̀lù fún òun. Bàtà náà ló wà nínú báàgì tí mo gbé lé itan. Mo ń rán síìpù náà, mo ń fọwọ́ kan irin ìsàlẹ̀ bàtà náà láti òde báàgì, ọwọ́ mi ò sì dúró.

Mo bẹ̀ ẹ́. Mo ní, "Ọmọ mi, mo ṣe ohun tí kò dáa. Dárí jì mí." Ó ní, "Mo ti gbọ́, ẹ̀gbọ́n." Kò ní òun ti dárí jì mí. Mo ní kó má san owó. Ó ní rárá o, iṣẹ́ lẹ ṣe. Ó to owó 100 fránkì mẹ́ta sórí máṣíìnì mi lọ́kọ̀ọ̀kan, ó dọ̀bálẹ̀, ó gbé báàgì rẹ̀ lọ. Mo gbọ́ pé kò gbà láti dúró sí Àjàṣẹ́. N kò lè sọ pé tìtorí mi ni. N kò sì lè sọ pé tìtorí mi kọ́.

Ohun tó ṣeni lójú jù fún mi ni pé ó mọ ohùn mi. Ẹni tó wà láàárín èrò máa ń rò pé òun ti pòórá sínú ariwo, pé ẹnu gbogbo èèyàn ló sọ ọ́. Bí pápá bá kún dẹ́múdẹ́mú, ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìdíje ilé wa, àwọn èèyàn kì í pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Àyè wà láàárín ènìyàn kan àti èkejì, ohùn kọ̀ọ̀kan sì ń dé etí ẹni tó ń gbá bọ́ọ̀lù lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, bí ìgbà tí wọ́n bá pè é lórúkọ. Mo ti mọ èyí nígbà tí mo jẹ́ aṣọ́lé. Mo gbàgbé rẹ̀ lọ́jọ́ tí mo bọ́ sí apá kejì.

Ní oṣù karùn-ún 2023, a wà nílé fídíò nígbà tí Real Madrid lọ bá Valencia ní pápá Mestalla ní ilẹ̀ Sípéènì. Vinícius Júnior, agbábọ́ọ̀lù dúdú ti Madrid, dúró, ó ń nàka sí ẹnìkan lẹ́yìn àwọ̀n tó pè é ní ọ̀bọ. Inú bí gbogbo ilé fídíò. Wọ́n ń bú àwọn òyìnbó, wọ́n ní wọn ò ka èèyàn dúdú sí èèyàn. Òótọ́ ni wọ́n ń sọ, mo sì bá wọn bínú. Ní ọdún kejì rẹ̀, kóòtù dá ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́jọ fún mẹ́ta nínú àwọn tó bú u, wọ́n sì ní wọn ò gbọdọ̀ wọ pápá fún ọdún méjì. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe wo yàrá náà yíká, mo rí àwọn tí wọ́n ké bíi màlúù pẹ̀lú mi. Mo sọ ọ́ sí wọn létí. Ọ̀kan ní kì í ṣe ohun kan náà, ó ní dúdú ni gbogbo wa. Mo bi í pé ta ló tà wá ní 1886, ṣé òyìnbó ló wọ inú odi Kétu ni? Kò fèsì, ó yí ojú sí ẹ̀rọ.

Mo máa ń rántí ọmọ tiwa, Emmanuel Adebayor. Ọmọ Togo ni, ṣùgbọ́n ta ni nínú wa tí kò mọ ilé tí wọ́n ti ń sọ ọmọ ní Adébáyọ̀? Wọ́n kọ orin sí i ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pé bàbá rẹ̀ ń fọ erin, ohun tí wọ́n sì sọ nípa ìyá rẹ̀, n kò ní kọ ọ́ síbí. Ní oṣù kẹsàn-án 2009, nígbà tó gbá bọ́ọ̀lù wọlé Arsenal fún Manchester City, ó sá láti ìpẹ̀kun pápá kan dé èkejì lọ dúró níwájú àwọn tó ń kọrin náà, ó na apá méjèèjì. Wọ́n ní òun ló jẹ̀bi, wọ́n bu owó ìtanràn lé e. N kò yìn ín, nítorí irú ìsáré bẹ́ẹ̀ lè da ìlú rú. Ṣùgbọ́n bàbá tó ń fọ erin àti bàbá tó ń da màlúù, orin kan náà ni. Èmi ló kọ ọ́ ní Àjàṣẹ́.

FIFA ti ní ìlànà báyìí: onífèrè lè dá eré dúró, bí wọn ò bá gbọ́, kó kó àwọn agbábọ́ọ̀lù wọlé, bí wọn ò bá tún gbọ́, kó fòpin sí eré náà. Ó dára. Lórí pápá àdúgbò wa, olùkọ́ ilé ìwé ni onífèrè, zémidjan, ọ̀kadà tiwa, ló gbé e wá, ó sì fẹ́ kí zémidjan gbé e padà délé láìfarapa. Ta ni yóò fòpin sí eré fún un? Àwa tí a wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tó ń bú èèyàn ni.

N kò ní ká dákẹ́ o. Pápá tí kò sí ẹ̀fẹ̀, ilé òkú ni. Títí di 2022, Ọ̀kẹ́rẹ́ ni orúkọ ẹgbẹ́ orílẹ̀-èdè wa, kí wọ́n tó yí i padà sí Les Guépards, ẹranko tó ń sá ju gbogbo ẹranko lọ. Idì sì ni ti Nàìjíríà. Ẹ lè fojú inú wo ohun tí ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi tó wà ní Èkó ti fi ọ̀rọ̀ idì àti ọ̀kẹ́rẹ́ ṣe sí mi láti ìgbà tí a ti wà lọ́mọdé. Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹfà 2024, a nà wọ́n ní 2-1 ní Abidjan. Àwọn ló kọ́kọ́ gbá tiwọn wọlé, Jodel Dossou dá a padà, Steve Mounié fi ìkejì lé e. Gernot Rohr ni olùkọ́ wa nígbà náà, òun náà ni Nàìjíríà lé lọ ní 2021. Mo pe ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi lóru ọjọ́ náà: "Ẹ lé tíṣà yín, ó kó ìwé ìdánwò yín wá fún wa." Ó pa fóònù. Ní oṣù kẹwàá 2025, nígbà tí wọ́n nà wá ní 4-0 ní Uyo, tí Osimhen nìkan gbá mẹ́ta, tí ọ̀nà ìdíje àgbáyé sì dí mọ́ wa, òun ló pè. Kò sọ ọ̀rọ̀ kan. Ẹ̀rín ló ń rín, ìṣẹ́jú kan gbáko, owó ìpè ń lọ. Mo jókòó, mo gbọ́ ọ tán. Bí a bá ń jà, bíi ká kú kọ́.

Ṣùgbọ́n ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ẹnìkan dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù mi, ó ní kí ẹ̀yin Ànàgó, bí wọ́n ṣe ń pe àwa Yorùbá níbí, máa yọ̀, àwọn èèyàn yín ti borí, ẹ máa lọ bá wọn nílé yín. Ìyẹn kì í ṣe ẹ̀fẹ̀. Kétu ni wọ́n sin bàbá mi sí. Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi ń wò mí bóyá màá dìde. Mo sọ fún un pé, "Ọ̀gá, ẹ bú ẹsẹ̀ àwọn tó gbá bọ́ọ̀lù náà, mo wà lẹ́yìn yín. Ẹ fi ilé mi sílẹ̀." Mo sì ń bá ìwọ̀n aṣọ lọ.

Nígbà ìsinmi ìparí ọdún, mo lọ sí Kétu. Ìyá alákàrà ti kú tipẹ́, ọmọ rẹ̀ obìnrin ló ń dín in níbẹ̀ báyìí, nítòsí òpó kan náà. Aṣọ́lé ẹgbẹ́ àlejò jẹ́ kí bọ́ọ̀lù kan yọ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, díẹ̀ ló kù kó wọlé. Mo bu eérú lábẹ́ agbada, mo pọ́n ọn sínú ewé, mo lọ bá a lẹ́yìn àwọ̀n. Mo ní, "Aṣọ́lé, ẹja àrọ̀ lo ń mú ni? Gba eérú o!"

Ó bojú wẹ̀yìn. Ó wo ewé náà, ó wo ojú mi, ó ń wò bóyá ìwọ̀sí ni. Ó wá rẹ́rìn-ín, ó ní, "Bàbá, ẹ tọ́jú ẹ̀ fún aṣọ́lé tiyín. Iṣẹ́ ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín." Gbogbo ẹ̀yìn àwọ̀n pariwo. Kò pẹ́ tí wọ́n fi gbá ọ̀kan wọlé wa. Ó yíjú sí mi láti ọ̀ọ́kán, ó na ọwọ́ méjèèjì sókè kí n rí i pé wọ́n gbẹ.